Ìwé Ohùn Kejì

Ọjọ́ Ẹtì ni Ọ̀gbẹ́ni Ojútaláyọ̀ gbé e wá sí Ṣómólú,
ìwé tí òjò ti kàn, tó fi àpò sìmẹ́ńtì wé.
Ó ní, "Ìwé mẹ́rin ni kí o tẹ̀ fún mi, má ṣe lẹ̀ wọ́n pọ̀.
Ti ohùn òkè lọ́tọ̀; tìrẹ, ohùn kejì, lọ́tọ̀;
ti tẹ́nọ̀, ti báàsì. Kí ẹnikẹ́ni má rí ti ẹnìkejì."
Mo ní, "Ṣé ìdánwò ni?"
Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Róòmù
ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn, ní Ìgbà Àtúnbí.
Mo ní, "Àtúnbí bíi ti ìjọ wa?"
Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún,
kò dá mi lóhùn.

Mo to ìlà márùn-ún márùn-ún,
mo wá ń fa ìlà ìdábùú tó ń pín orin sí yàrá yàrá.
"Yọ ọ́," ni ó wí. "Gbogbo rẹ̀."
"Kí la ó wá máa fi kà á?"
Ó mú ọwọ́ mi tó kún fún tàdáwà,
ó fi ìka mi lé ọrùn-ọwọ́ mi.
Ó ń lù níbẹ̀, jẹ́jẹ́, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
"Èyí ni wọ́n fi ń kà á."
Ó san ìdajì owó, ó lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọdún mọ́kàndínlógún
ni mo ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní Èbúté-Mẹ́ta
tí mo ń kọ ọrùn.
Bí ohùn òkè bá ti ń wí pé "ọ̀run",
dò-re, bí ọmọ tó ń gun àtẹ̀gùn,
orin tiwa a máa wálẹ̀, re-dò,
ọ̀run a sì di ọrùn lẹ́nu wa.
Àwọn ń lọ sí ìlú ògo,
àwa ń lọ sí ibi tí wọ́n ń so ṣéènì mọ́.
Dò-re-mí tí màámi fi kọ́ mi ní àmì ohùn
kí n tó mọ̀ pé orin ni,
ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń fi í sílẹ̀ sí
pẹ̀lú agbòjò.

Alẹ́ Ọjọ́rú. Iná ọba lọ, dùùrù dákẹ́.
Ọ̀gbẹ́ni Ojútaláyọ̀ ní, "Ó dára bẹ́ẹ̀. A ò bẹ̀ ẹ́."
Àwa mọ́kànlá yí àbẹ́là mẹ́ta ká,
oníkálukú pẹ̀lú ìwé tirẹ̀, bí ẹni di káàdì mú.
Òwe ni ọ̀rọ̀ inú orin náà:
ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.
Dẹ̀hìndé ló kọ́kọ́ gbé e, òun nìkan,
re-mí-dò-re, ojú ọ̀run.
Kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tí Fẹ́hìntọlá ti gbà á lókè,
ìṣísẹ̀ kan náà, bàtà mìíràn.
Ó wá kàn mí.

Èmi tí mo tẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, n kò rí i!
Ipasẹ̀ ẹni tó ṣáájú ni olúkúlùkù ń tọ̀:
ibi tó ti gòkè ni a ti ń gòkè,
ibi tó ti tẹ̀ ba ni àwa náà ń tẹ̀ ba,
kò sí ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kó lè bá ilẹ̀kùn mu.
Mo ní ọ̀run.
Ọ̀run ni mo ní.
Ìyá Fadérera tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bojú wò mí,
ojú rẹ̀ tóbi nínú ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là.

Ibẹ̀ ni rélùwéè ti fọn fèrè láti apá Yábà.
Mọ́rákinyọ̀, báàsì wa, ṣe bí òun ni wọ́n pè,
ó wọlé kí àsìkò tó tó,
gbogbo wa sì tú ká bí adìẹ tó gbọ́ ìró òkúta lórí páànù.

"Ẹ padà síbẹ̀rẹ̀," ni Ọ̀gbẹ́ni Ojútaláyọ̀ wí,
ó ń fi ẹ̀wù nu ojú, ẹ̀rín ni àbí òógùn.
Mo fi ìka lé ọrùn-ọwọ́ mi,
mò ń dúró de Dẹ̀hìndé.