Ohun Tó Ṣe É Tú

Ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, lẹ́yìn Àkábà, ní Kétu,
abẹ ni Sìdíkátù kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́,
kì í ṣe abẹ́rẹ́.
"Kọ́ títú kí o tó kọ́ rírán."

Mo tú apá bùbá tí mo rán sódì,
mo tú ọrùn rẹ̀.
Aṣọ ò bínú;
ihò wẹ́wẹ́ nìkan ló ṣẹ́kù.

Irun ṣe é tú. Ìdì ẹrù ṣe é tú.
Ewúrẹ́ ìdí ọsàn,
òun tiẹ̀ máa ń tú ara rẹ̀.

Lálẹ́ àná mo tú àṣírí ẹ̀gbọ́n mi
lójú ìyá ọkọ rẹ̀.
Ilé tú.

Láti òwúrọ̀ ni mo ti mú òwú dání, funfun, gígùn,
n ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ kì í bọ̀ ọ́.