Wáyà Méje

Gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, Dípẹ̀.
Má fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé orí ìṣó.
Ikùn yìí rí rogodo bí ìdí igbá,
pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi àtè lẹ̀ mọ́ra,
àtè náà sì ti dàgbà ju bàbá tó bí ọ lọ.
O ní orí àjà lo ti rí i, ní Ojówó,
láàárín àpò kòkó àti àtùpà tí kò lówùú.
Eku ti jẹ etí àpótí rẹ̀.
Eku kò jẹ ohùn.

Kí lo kó wá nínú ọ̀rá yẹn?
Háà. Wáyà Èkó.
Ó nípọn bí èyí tí wọ́n fi ń sá aṣọ.
Ẹni tó tà á fún ọ ní yóò ké dé Òde,
yóò bá ẹ̀rọ gbohùngbohùn jà, yóò sì borí.
Òótọ́ ló sọ. Yóò ké.
Igbe kan ṣoṣo ni.

Jókòó. Ẹ̀rọ ìlagi ti dákẹ́ nísàlẹ̀ Òkè-Ṣópẹ̀n,
etí wa ti sinmi díẹ̀.
Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kàndínlógún
mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Òṣífẹ̀sọ̀,
ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń kígbe "fẹ̀sọ̀" sí mi lójoojúmọ́
tí n kò gbọ́.
Ó lọ síbi ìsìnkú kan ní Àgọ́-Ìwòyè.
Mo bọ́ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò lára màǹdólíìnì rẹ̀,
mo fi líle sí i, mo lọ́ ọ, mo lọ́ ọ,
mo fẹ́ kó gbọ́ ohùn ọkùnrin nígbà tó bá dé.
Ó dún. Mo jó lórí ìyẹ̀fun igi.
Lóru, mo gbọ́ kàù.
Ní òwúrọ̀, ọrùn ti tẹ̀ síwájú bí àgbà tó ń wá owó nílẹ̀,
ojú rẹ̀ ti rì lábẹ́ afárá.
Ọ̀gá kò nà mí. Ó gbé e sórí ẹsẹ̀,
ó fi àtàńpàkò tẹ ibi tó là
bí ẹni ń tẹ ikùn ọmọ tó ń ṣàìsàn.
Ó ní, "Àgbà kì í ru ẹrù ọ̀dọ́."
Ìyẹn nìkan. Ó di ọdún mẹ́rìnlélógójì.

Nítorí náà, jẹ́ kí ìyàwó mi fi wáyà Èkó yẹn sá aṣọ.
Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú àpótí mi la ó fi sí i:
irin lásán fún àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lókè,
irin tí wọ́n fi idẹ wé fún àwọn tó ń dáhùn nísàlẹ̀.
A kò ní bọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan;
ọ̀kan jáde, ọ̀kan wọlé, kí afárá má baà ṣubú.
Igi apá ni afárá yìí. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n gbẹ́.
Mo fi sáńpépà ha ẹsẹ̀ rẹ̀
títí ìmọ́lẹ̀ kò fi rí abẹ́ rẹ̀ gbà kọjá.
Wo tọ́rọ́ yìí, owó ayé òyìnbó:
níbi tí ọrùn ti pàdé àpótí, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́ wáyà kọjá,
kó kàn án, kó má gbé e.
Bó bá ga jù, ìka rẹ á ṣẹ̀jẹ̀;
bó bá lọ sílẹ̀ jù, á máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò.
Bí ọyẹ́ bá dé, tún gbé e wá. Igi a máa mí.

Méjì-méjì ni wọ́n, ìbejì mẹ́rin,
ohùn kan náà lẹ́nu ẹni méjì.
Wọn kì í bára mu tán, ibẹ̀ ni adùn wà.
Ṣùgbọ́n etí kan ti dá, ti ìsàlẹ̀ pátápátá.
Mo wá irú rẹ̀ dé Ṣágámù, n kò rí.
Méje ni yóò máa gbé.
N kò ní gbẹ́ ère dípò ẹ̀kẹjọ;
jẹ́ kí ihò rẹ̀ ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gbà á.

Ó yá, fi ìwo yìí kàn án.
Má gbá a. Kàn án.

O gbọ́? Kò dé Òde.
Kò tilẹ̀ dé títì.
Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ògiri wa;
ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú àwo,
ó ní, "Ta ló gbé nǹkan Ṣówándé jáde?"

Má tíì dáhùn.
Tún un kàn.