Ojú Ìwé Tí À Ń Fò

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, Saskatoon, ìsàlẹ̀ ilé tí a háyà.
Òjò dídì ti bo ìdajì fèrèsé.
Ìbídàpọ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ka Bíbélì dé ibi àwọn orúkọ,
ó ní, "Dádì, ṣé ká fò ó?"

Bẹ́ẹ̀ la ti ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi náà ṣe é:
àtàǹpàkò á rọ́ bébà náà sápá kan
ká lè tètè dé ọ̀dọ̀ ìràwọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án òní, èmi àti fọ́ọ̀mù ìjọba la jọ wọ̀jà.
Wọ́n fẹ́ ọjọ́ ìbí ìyá tó bí ìyá mi.
Ta ni yóò sọ fún akọ̀wé ní Ottawa
pé ọdún tí eṣú jẹ oko ilá ni wọ́n bí i,
lọ́jọ́ kejì ọjà?
Mo kọ "a kò mọ̀." Ọwọ́ mi gbọ̀n bí ẹni tó purọ́.

Mo ní, "Rárá. Kà á. Rọra."

Bí. Bí. Bí.
Bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ òrùlé,
ọkùnrin bí ọkùnrin bí ọkùnrin,
àfi lójijì kí obìnrin kan yọjú:
èyí tó fi ìbòjú jókòó lẹ́bàá ọ̀nà,
aṣẹ́wó orí odi ìlú,
àlejò tó ń pèéṣẹ́ lóko olóko,
àti ọ̀kan tí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ,
wọ́n ní ìyàwó lágbájá ni, ọ̀rọ̀ parí.
"Kí ló dé tí wọn ò dárúkọ ẹ̀?"
Bí ni ìwé ń wí, bi ni ọmọ ń bi mí.

Àwa náà ní tiwa.
Bí bàbá mi àgbà bá ń ka ìdílé wa,
tó bá dé ibì kan, á wúkọ́. Á mumi. Á gba ibòmíràn.
Mo ti dàgbà kí ẹnìkan tó tú u fún mi ní kọ̀rọ̀:
obìnrin kan ló wà níbẹ̀,
ìwọ̀fà tí ẹnikẹ́ni ò wá rà padà,
ilà ojú rẹ̀ kì í ṣe tiwa.
Òun ló bí gbogbo wa.
Wọ́n ní bí ọmọ ò bá ìtàn, á bá àrọ́bá.
Ẹni tí àrọ́bá fi ikọ́ bò mọ́lẹ̀ ńkọ́?

Ìwé yìí ò wúkọ́.

Ìbídàpọ̀ fa bébà tíṣà rẹ̀ yọ, igi kan,
àpótí kékeré lórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan.
"Orúkọ wo ni kí n kọ fún un?"
Mi ò mọ̀. Mo sọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀.
Ó ronú. Ó ya ojú kan sínú àpótí náà,
ó fa ilà mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, mẹ́ta sí tòsì,
ó jẹ pẹ́ńsù lẹ́nu, ó tún fi etí sí i
kó lè máa gbọ́.

Katakata tó ń kó òjò dídì kọjá lóde, ilé mì díẹ̀.
"Dádì, orúkọ ṣì kù."
Máa kà á lọ, ìbí tó dàpọ̀.