Bàtà Ẹni Mọ́kànlá

Ọjọ́ kẹrin ni afẹ́fẹ́ tó gbọ́ orúkọ wa.
Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, oòrùn ló ń sìn wá lọ,
oòrùn Áísílándì tí kì í fẹ́ lọ sùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.
A jẹ ẹja gbígbẹ, a fi bọ́tà pa á lára,
Hjalti ń ka òkìtì òkúta tí àwọn ará àtijọ́ tò sọ́nà,
ó ní, "Ọgọ́rin ó lé méjì. Ṣé ìwọ náà ń kà á?"
N kò kà á. Ẹsẹ̀ ara mi ni mò ń kà.

Àfi gìrì lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹrin.
Òkè tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa daṣọ borí, ó kúrò níbẹ̀.
Òkè ọwọ́ òsì tẹ̀ lé e.
Òjò ò ti òkè wá bí òjò ọmọlúàbí,
ẹ̀gbẹ́ ló gbà yọ sí wa, ó ń ju abẹ́rẹ́,
yìnyín wà nínú rẹ̀, iyanrìn dúdú wà nínú rẹ̀,
iyanrìn òkè oníná tó ti kú kí wọ́n tó bí ìyá ìyá mi,
ó ń ró kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láàárín eyín wa.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ fẹ́, a rí ìdí adìyẹ.
Èyí fẹ́, ó rí ìdí ọkàn tèmi.
Nítorí Hjalti ń tiro.
Bàtà tuntun ti bó o ní gìgísẹ̀ láti ọjọ́ kejì,
mo sì ti kìlọ̀ fún un nípa bàtà tuntun,
mo kìlọ̀ títí, ó ní ẹ̀dínwó ni wọ́n tà á.
Mo ní, "Máa bọ̀, n ó lọ gbé omi kaná dè ọ́."
Àbúrò ìyàwó mi ni o.
Mo sọ bẹ́ẹ̀, mo kọjú síwájú,
ìgbà tí mo wẹ̀yìn, funfun ni mo rí,
funfun tí kò lórí, tí kò lẹ́sẹ̀.

Odò tí à bá fò kọjá láàárọ̀
ti ń yí òkúta nísàlẹ̀ ara rẹ̀, gbì, gbì, gbì.
Mo tú ìgbànú àpò mi kó má baà fà mí lọ.
Omi dé itan, ó dé ìbàdí.
N kò mọ̀ bóyá mo gbàdúrà. Mo rántí pé mò ń bú bàtà.

Steinvör tó ń ṣọ́ ilé àrìnrìn-àjò kò kí mi káàbọ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ka bàtà lẹ́nu ọ̀nà.
"Ẹni mọ́kànlá," ló wí. "Orúkọ méjìlá ló wà nínú ìwé mi.
Bàtà ta ni n kò rí?"
Ẹnu mi wúwo ju àpò ẹ̀yìn mi lọ.

Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn.
Ó da ọbẹ̀ inú ìkòkò sínú abọ́ ńlá,
ó mú ìkòkò òfìfo, ó mú ṣíbí irin, ó ṣílẹ̀kùn,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú:
kàngó. Kàngó. Kàngó.
Kò sí ẹni tó lè jó o.
Ariwo ilé ìdáná, ariwo ìyá tí oúnjẹ ti jinná nílé rẹ̀.
Nígbà tí apá rẹ̀ rọ, ó gbé e lé mi lọ́wọ́.
Mo lù ú títí tí n kò fi mọ ìka mi mọ́.
Obìnrin ará Póláńdì kan gbà á lọ́wọ́ mi.
Wákàtí kan kọjá. Èkejì ku díẹ̀ kó kún.

Ẹsẹ̀ tó bá rìn jìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́;
nílẹ̀ wa tí kò sí ọ̀kẹ́rẹ́,
abuké ènìyàn ni mo rí nínú kùrukùru,
ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, bàtà méjèèjì ń fì lọ́rùn rẹ̀,
ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló fi ń tẹ òkúta.

Wọ́n fi aṣọ onírun àgùntàn wé e.
Kò wò mí. Ó mu ọbẹ̀, ó mu ún tán,
ètè rẹ̀ ń gbọ̀n nígbà tó ní:
"Ọgọ́fà ó dín kan. Ibẹ̀ ni òkìtì òkúta parí sí.
Lẹ́yìn ìyẹn, ìkòkò ni mò ń kà."

Lóru, afẹ́fẹ́ ṣì ń fa òrùlé.
Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà,
mo gbé bàtà rẹ̀ sún mọ́ ààrò kó lè gbẹ,
mo ka gbogbo rẹ̀: ẹni méjìlá.
Mo tún un kà.