Dúró Síbẹ̀, Má Mira

Ọ̀pá oparun kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìtòkò.
Bàbá mi ló gé e wá láti etí odò Ògùn
lọ́dún tó ra tẹlifíṣọ̀n onípákó, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin,
lọ́wọ́ ará Ìbarà kan tó ń kó lọ Kàdúná.
Ó so ẹ́ríà mọ́ ọn lórí bí egungun ẹja,
ó wá fi èmi ṣe alákòóso ọ̀pá.

Bí ìròyìn aago méje bá kù dẹ̀dẹ̀,
orúkọ mi a gba ojú fèrèsé jáde:
"Àyọ̀ká! Yí i sápá Lafẹ́nwá díẹ̀!"
Mo yí i.
"Ó ti kọjá! Díẹ̀ ni mo wí, díẹ̀!"
Mo dá a padà, ẹ̀fọn ń jẹ mí lẹ́sẹ̀,
àpáta ẹ̀yìn ilé àwọn Ṣówándé dúró gbagidi,
òun la fẹ̀sùn kàn pé ó ń gbé àwòrán wa mì.
"Dúró síbẹ̀! Má mira!"

Èmi kì í rí ìròyìn. Mo máa ń gbọ́ ọ ni.
Nínú ilé, èèrà funfun a bo ojú gíláàsì,
oníròyìn a di òjìji méjì,
ọ̀kan ń sọ̀rọ̀, èkejì ń tẹ̀lé e.
Bàbá ní ó tó.
Ó ní ààbọ̀ àwòrán là ń fi han ọmọlúwàbí,
bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ọdún yìí ni wọ́n ní afẹ́fẹ́ àtijọ́ ti kógbá sílé.
Akinlàjà, ọmọ tó ń ta díkódà ní Sápọ́n,
gbé àpótí dúdú kan wá, kò tó búrẹ́dì.
Ó ní kò sí ààbọ̀ mọ́:
àwòrán á dé kanlẹ̀, tàbí kó má dé rárá.
Ó tẹ rìmóòtù. Ó dé.
Mo rí òwú tó já létí gèlè obìnrin tó ń ka ìròyìn,
mo rí òógùn lókè ètè rẹ̀.

Bàbá dijú, ó tún lajú.
Dókítà Ìdí-Àbà ti sọ ọ́ fún wa lóṣù tó kọjá
pé awọ funfun ti ń bo ẹyinjú méjèèjì.
Èèrà tó kúrò lójú gíláàsì,
ibẹ̀ ló kó lọ.

"Àyọ̀ká," ó ní, "kò tíì mọ́lẹ̀.
Jáde, bá mi yí ọ̀pá yẹn."

Akinlàjà fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo mi orí sí i.
Èmi, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta,
mo lọ dúró nínú koríko.
Wáyà ti já lára ọ̀pá láti òjò èṣí,
ológoṣẹ́ ti yàgbẹ́ bo ẹ́ríà.
Mo dì í mú, mo yí i sápá Lafẹ́nwá,
díẹ̀.
"Ṣé ó ti dé?"

Ó dákẹ́ títí. Ẹ̀fọn kan bà mí lọ́rùn ẹsẹ̀.
Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ gba ojú fèrèsé,
ohùn ọkùnrin tí kò tíì darúgbó:
"Dúró síbẹ̀! Má mira!"

Mi ò tíì mira.