Re-Re-Re

Ọjọ́rú ni. Òjò àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí páànù ilé-ìwé wa ní Pápá, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́,
atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé òórùn ẹja yíyan wọlé
láti ojú fèrèsé tí kò ní gíláàsì.
Mo pín bébà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjìlélógún:
àwòrán egungun ènìyàn láti àtàrí dé ọmọ-ìka ẹsẹ̀,
ó nà gbọọrọ, ó ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín tí kò ní ètè.

Músẹ́díkù ti bébà tirẹ̀ sẹ́yìn.
"Àǹtí, egúngún! Èmi ò fẹ́ kó nà mí."
Mo ní rárá o, ẹ gbọ́ mi dáadáa:
re-re-re ni mo pè, n kò pe re-mi-mi.
Re-mi-mi ló ń mú pàṣán dání, tó ń lé yín wọlé.
Re-re-re wà lábẹ́ awọ rẹ báyìí, ó bá ọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì,
òun ló ń bá ọ gbé orí yẹn ró.
Ó fọwọ́ kan ojúgun ara rẹ̀. Ó tún fọwọ́ kàn án.
Ojú rẹ̀ wá dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́
pé ẹnì kan ti ń bá òun gbélé látijọ́ láìsanwó.

Ohun tí mo kọ sínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni pé
agbárí á gba pupa, ìhà á gba àwọ̀ ewé,
ọ̀pá ẹ̀yìn á gba búlúù.
Ta ló bi ìwé ètò ẹ̀kọ́ léèrè?
Ìdáyátù, ọmọ ìyá ẹlẹ́ja yíyan, ti mú dúdú,
ó ń kun ìhà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Èéfín ló mú un."
Ọmọ yìí mọ egungun jù mí lọ:
ó mọ èyí tí í há ni lọ́fun, ó mọ èyí tí a lè rún jẹ,
ó bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn ò ní ìrù.
Mo ní ó ní kékeré kan, nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, tó kọ̀ tí kò dàgbà.
Gbogbo kíláàsì dìde, wọ́n ń wá ìrù.
Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó jókòó.

Ṣẹ̀san ò dìde.
Apá òsì nìkan ló ń kùn, pupa, pupa,
títí kíréyọ́ọ̀nù fi dá bébà lu.
Mo fẹ́ ní, "Rọra." Mo rántí.
Nígbà ọyẹ́ ló jábọ́ lórí ọkọ̀ tí bàbá rẹ̀ fà gòkè létí omi;
ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ de apá náà
nílé ẹni tí ń to egungun ní Nọ́fọríjà.
"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"
Ó ní, "Kò dùn mọ́. Ibẹ̀ ló le jù lára mi."
Èmi olùkọ́, n kò ní nǹkan kan láti fi kún un.

Aago dún. Mo kó kíréyọ́ọ̀nù padà sínú agolo mílíìkì.
Pupa ti kúrú, dúdú ti kán sí méjì,
àwọ̀ ewé ò sí níbi kankan
(mo fura sí àpò Músẹ́díkù).
Funfun nìkan ló gùn bíi ti ọjọ́ tí mo rà á.
Egungun méjìlélógún,
kò sí ọ̀kan tó funfun nínú wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá Ìdáyátù dúró lẹ́nu géètì,
abọ́ ẹja lórí, ẹ̀rín lẹ́nu.
Ó ní lálẹ́ àná, ọmọ náà ní òun lòun máa fọ ẹ̀yìn ìyá àgbà.
Kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ìka òsì lórí ọ̀pá ẹ̀yìn,
ó ń kà á láti ọrùn wá sílẹ̀:
ení, èjì, ẹ̀ta...
Nígbà tó fi dé ẹ̀tàdínlógún, ìyá àgbà ti sùn lórí àpótí,
ọṣẹ ṣì wà léjìká rẹ̀.
Ọmọ náà rọra bu omi sí i,
ó sì padà sí ení,
kó má bàa ṣì í kà.