Ìwé Ìṣirò Ardell Kvamme

Sẹ́ǹtì mẹ́ta ló dín nínú owó ìjọ
lọ́dún tí yìnyín bo adágún ṣáájú Kérésìmesì.
Ardell jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́,
kò jẹ́ kí pásítọ̀ fi tirẹ̀ dí i.
“Owó kì í sọnù,” ló wí, “ènìyàn ló ń ṣì í kà.”

Bàbá bàbá rẹ̀ ti Norway wọkọ̀ òkun wá
pẹ̀lú àpótí kan, àti pánlá tó le bí igi ìdáná.
Òun ò wọkọ̀ omi rí. Duluth ti tó o.
Láti ojú fèrèsé ọ́fíìsì
ló ti ń ka ọkọ̀ tó ń kó irin lọ,
tó ń kọ iye wọn sẹ́yìn kàlẹ́ńdà.

Ogójì ọdún. Wọ́n fún un ní aago ìdágbére
tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ́yìn;
ó ń tún un ṣe láràárọ̀
bí ẹni ń bá ọmọ wí, láìpariwo.

Àná la ṣí dúrọ́ọ̀ rẹ̀.
Pẹ́ńsù mọ́kànlá, kúkúrú bí ìka ọmọdé.
Kò sí ibi tó ti pa nǹkan rẹ́ nínú ìwé ìṣirò
àfi ojú ewé kan: Selmer, aládùúgbò wa,
gbèsè ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìpẹja.
Ó fi rọ́bà ha á títí bébà fi fẹ́ lu.

Mo gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.
Iye náà ṣì hàn.